Bàbá Akóredé àti Abúlé Mọ́kànlélógójì Darey Bangu

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ló mọ Darey Bangu jù láyé yìí, mi ò ní pe ọ̀gá kankan nílé ìjọba. Bàbá Akóredé ni màá pè. Yàrá kan ṣoṣo ni Bàbá ń gbé ní Poudrière, àdúgbò kan ní Niamey, òun àti Àsíyàt ìyàwó ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ummusalmah, àti Ummusalmah fúnra ẹ̀, àbígbẹ̀yìn wọn. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, Pàkátà ni ilé wọn wà. Ìlọrin ni bàbá tèmi náà ti wá, àmọ́ Niamey ni wọ́n bí mi sí, mi ò fojú kan Ìlọrin rí. Bí Yorùbá mi bá ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u.

Kọmíìnì ni Darey Bangu, ohun tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì. Ó jìnnà débi pé àwọn tó ń ṣe olórí ẹ̀ gan-an kì í fẹ́ sùn níbẹ̀. Ẹ máa tẹ̀lé odò lọ sókè láti Niamey títí ọ̀nà ọlọ́dà á fi tán, ẹ máa wọ yanrìn, ẹ máa wọ àárín òkúta, ẹ máa wá sọdá kórì. Kórì ni odò tó jẹ́ pé yanrìn lásán ni tí òjò ò bá rọ̀, tí òjò bá sì rọ̀, á gbé ọkọ̀ lọ tòun ti dírẹ́bà. Oṣù méjì gbáko lọ́dọọdún, ẹni tó wà nínú wà nínú, ẹni tó wà níta wà níta. Àwọn Zarma ló ń gbin ọkà jéró níbẹ̀, àwọn Fúlàní ń da màlúù, àwọn Tùárẹ́gì díẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún níbi tí igi ti tán. Láàárín gbogbo wọn, ilé Yorùbá kan péré ló wà, ilé Bàbá Akóredé, ní abúlé tó ń jẹ́ Koira Zeno.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló wọbẹ̀, lọ́dún 1984, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan àti àpò méjì. Abẹ́rẹ́, ìyarun, dígí, abọ́ tánganran, àti bútà, bútà oníke tá a fi ń ṣe àlùwàlá. Ó ń lọ láti ọjà dé ọjà, láti abúlé dé abúlé. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni pé bútà ló fi ń ka èèyàn. Ó ní ilé tó bá ní ọkọ kan àti ìyàwó méjì, bútà mẹ́ta ni, torí kò sóbìnrin tó máa bá orogún ẹ̀ lo bútà kan. Láàárín ọdún méjì, oòrùn á ti pa bútà, á sán. Torí náà tó bá ti mọ iye bútà tó tà ní abúlé kan, ó mọ iye ilé tó wà níbẹ̀, ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́yàwó, ó mọ ilé tí ikú ti wọ̀. Ìjọba gan-an ò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn oníbọn gun máṣìn wọ Koira Zeno, èèyàn mẹ́ta mẹ́ta lórí máṣìn kan. Wọ́n ní kí abúlé kó jáde kó tó di Jímọ̀. Kò sẹ́ni tó dúró de Jímọ̀. Wọ́n dáná sun mẹ́rì, ilé tí ìwé gbogbo kọmíìnì wà, kò ku tákàdá kan. Bàbá àti ìyàwó àti ọmọ fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó gbé wọn dé Niamey.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyí. Ummusalmah ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Orí ẹ̀ pé, èmi tí wọ́n lé kúrò nílé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó ṣe bẹ́pẹ́sẹ́ lọ́dún yìí, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ líísẹ̀, sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ọ̀gá ilé-ìwé wọn ní kó mú ìwé ìbí wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn ò ní fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́. Kò ní ìwé ìbí. Inú yàrá ni wọ́n bí i sí ní Koira Zeno, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan.

Bàbá lọ sí kóòtù. Wọ́n ní àwọn lè ṣe ìwé fún ọmọ náà, àmọ́ kó kọ́kọ́ gba lẹ́tà wá láti mẹ́rì Darey Bangu pé wọ́n mọ òun sí ará ibẹ̀. Ó pe àbúrò ẹ̀ ní Ìlọrin. Àbúrò ní ọmọ tí wọn ò bí sí Ìlọrin, ta ló máa fọwọ́ sí i pé Ìlọrin ni wọ́n bí i sí.

Èmi ń tẹ̀wé fún èèyàn ní Maourey, níbí ní Niamey. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, agboòrùn kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé síjọba, tí ò mọ Faransé, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ibẹ̀ ni Boubacar ti wá bá mi. Boubacar ni akọ̀wé mẹ́rì Darey Bangu. Ọ́fíìsì mẹ́rì náà sá, bí àwọn èèyàn ṣe sá. Ó wà nínú yàrá kan báyìí ní Koira Kano, àdúgbò mìíì ní Niamey, tábìlì kan, òǹtẹ̀ kan. Àwọn kan fẹ́ ṣèrànwọ́ fún kọmíìnì yẹn, wọ́n ní kí Boubacar kọ gbogbo nǹkan nípa ẹ̀ sílẹ̀: ibi tó wà, bó ṣe fẹ̀ tó, orúkọ abúlé, iye èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ ti jóná.

"Abúlé mélòó?" mo bi í.

"Mọ́kànlélógójì."

"Ó yá, dárúkọ wọn."

Ó dárúkọ mọ́kàndínlógún, ó dákẹ́.

"Oṣù mélòó lo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́fà," ó ní. "Inú ọ́fíìsì ni mo wà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo mọ bàbá kan ní Poudrière tó mọ gbogbo ẹ̀ láìwo ìwé, àmọ́ òun náà ń wá nǹkan lọ́wọ́ yín. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ummusalmah fún un. Boubacar ní kò sí wàhálà. Tí bàbá náà bá ti wà lórí líìsì àwọn ará ìlú, lẹ́tà ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Líìsì tiwọn jóná lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ṣe ìkànìyàn ọdún 2012 ní ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi í bọ̀. Ọ̀sán yẹn gan-an ni mo sáré lọ sí Poudrière. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọ̀sán méjì la fi ṣe é. Bàbá Akóredé jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó di ojú méjèèjì, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀, ó gbéra. Zarma ló fi ń sọ ọ́, ó ń fi Háúsá là á, èmi ń tẹ̀ ẹ́ ní Faransé.

"Láti Koira Zeno, ìwọ̀-oòrùn ni ká máa lọ," ó ní. "A máa rí òkúta pupa mẹ́ta. Kànga wà lẹ́yìn wọn, ọgọ́ta ìgbọ̀nwọ́, omi ẹ̀ níyọ̀ díẹ̀. Ilé mẹ́jọ. Ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn, wọn kì í sì í kí ara wọn."

"Kìlómítà mélòó, Bàbá?" Boubacar bi í.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi ò mọ kìlómítà. Tó o bá kírun àsùbáà tán kó o tó gbéra, oòrùn á ti máa bú ẹ kó o tó débẹ̀."

"Kọ mẹ́rìnlá," Boubacar sọ fún mi.

Mo kọ mẹ́rìnlá.

"Ṣé ó jọ mẹ́rìnlá?" Bàbá bi mí ní Yorùbá.

"Bàbá, ó jọ mẹ́rìnlá gan-an."

"Ó dáa. Òkè wà lójú ọ̀nà o, ẹ fi kún un."

Mo sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún.

Báyẹn la ṣe ń lọ. Ó mọ ibi tí kórì ti ń ya ẹnu, ó mọ abúlé táwọn Fúlàní máa ń fi sílẹ̀ nígbà ọ̀dá tí wọ́n sì máa ń padà sí lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ó mọ èyí tí wọ́n ti kó kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ torí kànga wó. Boubacar kúkú ti jáwọ́ nínú bíbéèrè, ó kàn ń kọ sínú ìwé tiẹ̀. Ibi iye èèyàn ló ti dojú rú. Òpó méjì ló wà níbẹ̀, ti ọdún 2012 àti ti òní. Ti 2012, Boubacar ní ká fi í sílẹ̀ títí líìsì á fi dé. Ti òní, òdo ló ń ní kí n kọ. Òdo, òdo, òdo. Nígbà tó pẹ́, Bàbá la ojú.

"Kí lẹ̀ ń pè ní òdo?"

"Pé kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀, Bàbá."

"Afọ́jú kan wà ní abúlé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ yìí. Ó ní òun ò rí oníbọn kankan, òun ò lọ síbì kankan. Kọ ẹyọ kan."

Boubacar wò mí. Mo kọ ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ Ẹtì ilé-ìwé pé, líìsì dé lórí fláàṣì. Bàbá Akóredé wọ jálámíà funfun wá. Ìyá Ummusalmah gbé fúrá wá nínú igbá, ti Boubacar ni, ó ti ń dúpẹ́ kó tó jókòó. Boubacar ṣí Koira Zeno. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, igba èèyàn ó lé méjìlá. Ó ń ka orúkọ àwọn baálé ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá ń gbà á lẹ́nu ẹ̀.

"Ìyẹn kú lọ́dún tí eṣú jẹ ọkà. Ìyẹn wà ní Maradi báyìí. Ìyẹn, olè ni, àmọ́ ó lójú àánú."

Ó kan ilé kẹtàdínlógún, orúkọ baálé ilé ni Àhmàd. Bàbá ní aládùúgbò òun nìyẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, Fàtímà opó ẹ̀ ló ń gbé lẹ́yìn ògiri wọn ní Poudrière. Boubacar ń kà á lọ. Ó dé ọgbọ̀n, ó dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ó tán," ó ní.

"Kò tíì tán. Tún un kà."

Ó tún un kà. Kò sí Akóredé. Ó wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, níbi tí wọ́n kọ nǹkan kékeré kan sí. Ó ní àwọn akànìyàn, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ: ẹni tó ń gbébẹ̀ tó wà nílé, ẹni tó ń gbébẹ̀ tó rìnrìn àjò, àti àlejò tó kàn sùn níbẹ̀ mọ́jú. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni ará abúlé. Wọn kì í ka àlejò mọ́ ọn.

"Àlejò márùn-ún ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," Boubacar ní. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, kò tíì yé e. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo ayé, ta làwọn àlejò márùn-ún yìí?"

Bàbá ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó lè kà á.

"Ẹ sọ fún un," Ìyá Ummusalmah ní. "Àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Òun ló bá a sọ ọ́. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti kànìyàn ní Koira Zeno lójú Bàbá, lọ́dún 1988, 2001, àti 2012. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bá ti gbọ́ pé àwọn akànìyàn ń bọ̀, á wẹ̀, á wọ agbádá tó mọ́, á gbé báàgì ìrìnàjò sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó tì í. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Àlejò ni wá. Ìlọrin nilé wa." Wọ́n á kọ àlejò. Òun, ìyàwó, àti ọmọ mẹ́ta, torí àwọn méjì tó wà ní Kùtọnu báyìí ṣì wà nílé nígbà yẹn.

Ẹ má rò pé ó ń parọ́. Bí bàbá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí gbogbo àwọn bàbá wa tó wá sílẹ̀ yìí ṣe ń wí nìyẹn: ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ìlú onílùú, ó ti ju ilé bàbá ẹ̀ nù. Bàbá tèmi náà, ogún ọdún ló fi ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ lòun ń lọlé. Niamey la sin ín sí. Àmọ́ ti Ummusalmah ló ká mi lára jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni lọ́dún 2012. Wọ́n bí i síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, kò mọ ibòmíì láyé. Wọ́n kọ ọ́ ní àlejò.

"Mo bi yín lọ́jọ́ yẹn pé kí ló wà nínú báàgì náà," ìyàwó ẹ̀ ní. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Òfìfo báàgì lẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín sáwọn ọmọ oníwèé."

"Àsíyàt, ó tó."

"Kò tó. Ogójì ọdún lẹ ò fi tú ẹrù. Níbo lẹ ń lọ, Bàbá Ummusalmah? Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Boubacar kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ yín. Bútà tí bàbá mi fi ṣe àlùwàlá títí tó fi kú, ẹ̀yin lẹ tà á fún un."

"Kọ mí síbẹ̀ nígbà náà."

"Líìsì yìí kì í ṣe tèmi. Ọ̀gá mi ò ní lu òǹtẹ̀ sórúkọ tí ò bá sí níbẹ̀."

"Ẹ bi mí ní abúlé mọ́kànlélógójì, mo kà á fún un yín."

"Ẹ kà á, Bàbá. Kò sẹ́lòmíì tó lè kà á bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá kà á? Àlejò?"

Fúrá wà níwájú Boubacar, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, Boubacar nìkan ló padà wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà o, àmọ́ òun ò sọ nǹkan kan o. Fàtímà, opó Àhmàd, wà lórí líìsì, òun àti olóògbé. Tí Fàtímà bá sọ ní kóòtù pé òun lòun bí Ummusalmah, lẹ́tà rẹ̀ máa jáde lọ́jọ́ kan. Ummusalmah á ṣì máa jẹ́ Ummusalmah. Bàbá àti ìyá lórí ìwé ló máa yí padà.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí Poudrière, torí kò sẹ́lòmíì tó máa gbé e. Fàtímà ti gbà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ náà, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ gé ìwọ́ ẹ̀.

"Mi ò ní gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín," ó ní. "Ẹnu ẹ̀ tóbi jù. Ẹ fún mi níwèé, kẹ́ ẹ máa bọ́ ọ lọ."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Kí n gbé ọmọ mi fún òkú? Èmi tí mo wà láàyè?"

Ó dìde, ó lọ bá Alfa Sùlù ní Maourey, ọmọ Ìlọrin ni òun náà, ilé-kéwú ẹ̀ ò jìnnà sọ́dọ̀ mi. Mo tẹ̀lé e. Alfa Sùlù ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tó bá fọmọ ẹ̀ pe ọmọ ẹlòmíì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ẹ̀sìn ò gbà á.

"Kí ni kí n wá ṣe, Alfa?"

"Ẹ ṣe sùúrù."

"Ìdánwò ò ní ṣe sùúrù."

"Ẹ ṣe sùúrù náà," Alfa ní. Ó padà sídìí wàláà àwọn ọmọ ẹ̀.

Nígbà tá a délé, Ummusalmah wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣe ìṣirò. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ògiri ilé yẹn ò nípọn. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ní rárá, màá máa bá Ìyá Fàtímà dín màsà tà. Kò sí wàhálà." Ó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn ẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó kàn. Bàbá dúró tì í, ó ń wo ìṣirò náà. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ Alámìísì, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo rí Bàbá àti Fàtímà tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá Ummusalmah ò sí pẹ̀lú wọn. Boubacar ti wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Bàbá ò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ orúkọ bàbá ọmọ: Àhmàd, olóògbé. Mo tẹ orúkọ ìyá: Fàtímà. Ó ku ẹlẹ́rìí méjì, àwọn tó mọ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Ọ̀kan wà, Ìsà, ará Koira Zeno, ó ti fi nọ́ńbà káàdì ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kejì tó ṣèlérí ò gbé fóònù. A pè é, a pè é. Kóòtù ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, ọ̀la sì ni Ẹtì.

Bàbá yọ káàdì ẹ̀ láti inú àpò, káàdì tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sí ọmọ Nàìjíríà. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Boubacar.

"Ṣé èyí lè jẹ́rìí?"

Boubacar wo káàdì náà, ó wò mí. "Ó lè jẹ́rìí," ó ní.

Fọ́ọ̀mù ń béèrè ohun tí ẹlẹ́rìí jẹ́ sí ọmọ náà. Mo bi Bàbá pé kí ni kí n kọ. Ó wo Fàtímà. Fàtímà ń wo ilẹ̀.

"Kọ aládùúgbò," ó ní.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti àtàǹpàkò bọ yínkì, ó lẹ̀ ẹ́ síbi tí mo fi hàn án, ó sì nu ọwọ́ sára jálámíà funfun yẹn láìmọ̀.

Ummusalmah ṣe ìdánwò náà. Ìyá ẹ̀ ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, ó ń lọ. Ìwé Boubacar náà parí, ojú ewé mẹ́sàn-án, ó dáa, wọ́n ní àwọn ọ̀gá yìn ín.

Bàbá ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà yẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè yí ìwé ìbí yẹn padà tí ọmọ bá ti wọ líísẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní màá béèrè. Nígbà kejì, mo ní mo ti béèrè, wọ́n ní ká ní sùúrù. Irọ́ ni. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ohun tá a kọ síbẹ̀ kì í ṣòótọ́, ìdánwò ọmọ náà lọ nìyẹn, wọ́n á sì wá gbé Fàtímà, bóyá wọ́n á gbé èmi náà.

Lánàá ló wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ọ̀sán títí di ìrun alásárì, àwọn èèyàn ń wá, mo ń tẹ̀wé fún wọn, wọ́n ń lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ìwé náà, èmi náà ò sì jẹ́wọ́ pé mi ò tíì béèrè. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n ra omi fún yín." Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun.